Yíyan Táàpù Tuntun fún Básínì Balùwẹ̀: Abẹ́ Ni Kí Ẹ Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yan táàpù bí ẹni ń yan ẹ̀gbà ọrùn: wọ́n á wo èyí tó ń dán jù, wọ́n á bèèrè iye tó jẹ́, wọ́n á sanwó. Ìgbà tí púlọ́ńbà bá dé ni ọ̀rọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́yìn yọ. Ihò orí básínì kò bá ẹsẹ̀ táàpù mu, tàbí ọrùn táàpù kúrú débi pé èèyàn ní láti fi ọwọ́ gbo ẹ̀yìn básínì kó tó rí omi fọwọ́. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n omi kò jáde dáadáa, torí wọn ò ṣe táàpù náà fún ilé tó ń lo táńkì tí kò ga. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé abẹ́ básínì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó gòkè wá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ẹwà. Básínì yín, páìpù yín àti agbára omi yín ti bá yín yan púpọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka ihò, kí ẹ wọn àlàfo wọn

Ẹ tan iná fóònù, kí ẹ wo abẹ́ básínì. Ẹ má gbára lé ohun tí ojú rí lókè nìkan, torí àwo pẹlẹbẹ tó wà nídìí táàpù àtijọ́ lè bo ihò méjì mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ni, táàpù ẹlẹ́sẹ̀ kan ló máa wọ̀ ọ́. Fífẹ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tó mìlímítà 35. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹ na téèpù ìwọ̀n láti àárín ihò apá òsì dé àárín ihò apá ọ̀tún. Àárín sí àárín ni o, kì í ṣe etí sí etí. Bó bá jẹ́ íǹṣì 4, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, táàpù tí ọrùn rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jọ jókòó sórí ìdí kan náà ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá tó íǹṣì 8, ọ̀tọ̀ ni ọrùn, ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ omi gbígbóná, ọ̀tọ̀ ni ti omi tútù. Ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó ni họ́ọ̀sì ti so wọ́n pọ̀. Básínì àtijọ́ mìíràn ní ihò méjì péré, táàpù kan fún omi gbígbóná, òmíràn fún omi tútù. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ á tún ra táàpù méjì bẹ́ẹ̀, tàbí kó fara balẹ̀ wá táàpù alápòpọ̀ tó ní ẹsẹ̀ méjì.

Láti ihò mẹ́ta bọ́ sórí táàpù ẹlẹ́sẹ̀ kan kò le, torí àwo pẹlẹbẹ wà tí wọ́n fi ń bo ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn kan ń kó o sínú páálí táàpù, àwọn kan ń tà á lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ bèèrè. Láti ihò kan sí mẹ́ta ni wàhálà wà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun á lu ihò sí i lára básínì tánganran tí ẹ ti ń lò, ẹ rọra dáhùn, torí bí irin ìlu bá ṣi ibẹ̀ gbà díẹ̀ báyìí, básínì ti là nìyẹn.

Ẹ tún wọn nínípọn ibi tí táàpù máa jókòó sí. Pẹpẹ òkúta lè nípọn ju etí básínì lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ táàpù tó ní rẹ́dì, ìyẹn ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tì ń wé mọ́, ní ibi tí gígùn rẹ̀ mọ. Ẹsẹ̀ tó bá kúrú kò ní yọ lábẹ́ tó láti gba nọ́ọ̀tì.

Táàpù ara ògiri ń kọ́? Ó rẹwà, ó sì ń jẹ́ kí orí básínì rọrùn láti nù. Ṣùgbọ́n inú ògiri ni páìpù rẹ̀ wà, àfi kí wọ́n là á sílẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri tàbí kí wọ́n tó lẹ táìsì. Bí ẹ kò bá ní ìdí mìíràn láti fọ́ ògiri yín, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ torí táàpù fọ́ ọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wo họ́ọ̀sì àti ìdènà omi

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìdènà omi kéékèèké méjì ló máa ń wà lára ògiri lábẹ́ básínì, ọ̀kan fún omi gbígbóná, ọ̀kan fún tútù. Ẹ kọ́kọ́ ti wọ́n pa, kí ẹ ṣí táàpù tó wà lókè. Bí omi bá dá pátá, ó dára. Bí ó bá ṣì ń sun, ẹ pààrọ̀ ìdènà náà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ máa pààrọ̀ táàpù. Ẹ má sọ pé ẹ óò padà wá ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí họ́ọ̀sì ti so mọ́ ìdènà. Rẹ́dì ìdajì íǹṣì ló wọ́pọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ íǹṣì ni wọ́n sábà ń lò níbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sọ́jà. Ẹ wọn bí ó ti jìnnà tó láti ibẹ̀ dé ìdí táàpù, torí họ́ọ̀sì tí wọ́n fà le gan-gan máa ń já níbi ọrùn rẹ̀, èyí tó bá sì gùn jù máa ń ṣẹ́po, omi á sì dínkù. Èyí tí wọ́n fi okùn irin tí kì í dípẹtà hun ara rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ agbára omi yín

Ibí yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ta táàpù kì í bá èèyàn dé. Bí omi yín bá ń wá tààrà láti páìpù ìlú tàbí láti ẹ̀rọ tó ń tì í, ó ṣeé ṣe kí agbára rẹ̀ tó fún táàpù èyíkéyìí. Bí ó bá jẹ́ pé táńkì ló wà lókè tí omi kàn ń ṣàn wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ìṣirò kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe. Bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi; mítà 10 gíga ló ń fún omi ní agbára bar 1. Ẹ wọn láti ojú omi inú táńkì dé ẹnu táàpù. Bí ó bá jẹ́ mítà 3, bar 0.3 péré lẹ ní, bó ti wù kí táńkì náà tóbi tó. Gíga ló ń ṣe é, kì í ṣe bí omi ti pọ̀ tó.

Ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ páálí táàpù tàbí ìwé inú rẹ̀. Ẹ óò rí agbára tó kéré jù lọ tí táàpù náà lè bá ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń fẹ́ bar 0.5, àwọn kan bar 1, àwọn kan sì wà tí wọ́n dìídì ṣe fún omi táńkì, tí 0.1 tàbí 0.2 tó fún wọn. Táàpù tó ń fẹ́ bar 1 kò ní bàjẹ́ lára bar 0.3, omi rẹ̀ kàn máa tín-ín-rín títí ayé ni.

Iye omi tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan náà ṣe pàtàkì. Òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí táàpù balùwẹ̀ tú jáde ju gálọ́ọ̀nù 2.2 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bíi lítà 8.3, èyí tó bá ní WaterSense, àmì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ohun tó ń dá omi sí, kì í kọjá gálọ́ọ̀nù 1.5, bíi lítà 5.7. Ṣùgbọ́n agbára psi 60, tó lé díẹ̀ ní bar 4, ni wọ́n fi wọn ìyẹn. Ní ilé tí omi rẹ̀ lágbára, èyí tó ń dá omi sí ni kí ẹ rà, torí lítà márùn-ún àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú kan tó fún ọwọ́ àti eyín fífọ̀ dáadáa. Ní ilé tí omi rẹ̀ kò lágbára, òrùka kékeré tí wọ́n fi sínú irú táàpù bẹ́ẹ̀ láti dín omi kù á tún wá fún un lọ́rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí, ẹ gbé ìgò lítà kan sábẹ́ táàpù àtijọ́, kí ẹ ṣí i tán pátápátá, kí ẹ wo aago. Bó bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 10, lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà fún àwọn tó ní omi gbígbóná. Bí omi tútù bá ń wá láti páìpù ìlú pẹ̀lú agbára, tí gbígbóná sì ń ṣàn láti táńkì, èyí tó lágbára lè máa ti èkejì padà sínú páìpù rẹ̀ nínú táàpù alápòpọ̀. Ẹ ó máa rí omi tútù nìkan, ẹ ó sì máa bú ẹ̀rọ tó ń gbóná omi. Ẹ sọ fún púlọ́ńbà kó fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọrùn táàpù, gíga rẹ̀ àti ibi tí omi rẹ̀ ń bọ́ sí

Ẹ wọn láti àárín ihò táàpù dé àárín ihò tí omi ń gbà lọ nísàlẹ̀ básínì. Ẹnu táàpù kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí ìwọ̀n yẹn. Omi tó bá ń bọ́ síwájú ihò náà díẹ̀ ló dára jù lójú tèmi, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ èèyàn ń wà. Èyí tó bá ń bọ́ sára ẹ̀yìn básínì yóò máa rẹ ògiri, ọṣẹ á sì máa gbẹ mọ́ ibẹ̀.

Gíga fẹ́ ọgbọ́n díẹ̀. Táàpù gíga máa ń wuni nínú àwòrán, àmọ́ tí básínì bá fẹ̀ tí kò sì jìn, omi tó bọ́ láti òkè yẹn máa ta sí ikùn aṣọ. Ẹ lè dán an wò láì ra nǹkan kan: ẹ bu omi sínú kẹ́tùlù, kí ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sí gíga àti ibi tí ẹ rò pé ẹnu táàpù máa wà, kí ẹ máa dà á. Ẹ gbé e sókè, ẹ gbé e wálẹ̀. Níbi tí omi ti dẹ́kun títa síta ni gíga tó bá básínì yín mu.

Fún básínì tó jókòó sórí pẹpẹ bí abọ́, ẹ ṣàfikún gíga básínì fúnra rẹ̀. Táàpù rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kọjá etí rẹ̀. Básínì yòówù kó jẹ́, ẹnu táàpù gbọ́dọ̀ fi bíi íǹṣì kan, mìlímítà 25, ga ju etí básínì lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Bí ihò básínì bá dí tí omi ìdọ̀tí kún, tí agbára omi inú páìpù sì wá lọ sílẹ̀ lójijì, ẹnu táàpù tó bá rì sínú omi yẹn lè fà á padà sínú páìpù omi tí ẹ ń mu.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn. Ọwọ́ táàpù kan wà tí wọ́n ń tì sẹ́yìn kí omi tó jáde. Bí ògiri tàbí dígí bá sún mọ́ ọn jù, kò ní ṣí tán.

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tó wà nínú rẹ̀

Bí mo bá ní kí èèyàn náwó sí ibì kan lára táàpù, ibí ni. Ara táàpù lè pẹ́ títí, ohun tó ń ṣí tó sì ń ti omi nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa kán.

Èyí tó kọ́kọ́ wà láyé àtijọ́ ni ti wáṣà rọ́bà. Èèyàn á yí i lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀pá inú rẹ̀ á sì máa ti wáṣà mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi dí ojú omi. Wáṣà yìí ń jẹ díẹ̀díẹ̀, bó bá sì ti ń jẹ ni èèyàn ń fún táàpù le sí i, èyí tó túbọ̀ ń bà á jẹ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe.

Táàpù ọlọ́wọ́ kan dé nígbà tó yá. Al Moen ti Amẹ́ríkà ló ronú rẹ̀ ní 1937, lẹ́yìn tí omi gbígbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ jó o lọ́wọ́ níbi táàpù ọlọ́wọ́ méjì. 1947 ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọjà. Nínú irú táàpù yìí, kátíríìjì, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú táàpù tó ń ṣí tó sì ń ti omi, tàbí bọ́ọ̀lù oníhò ló ń po omi gbígbóná àti tútù bí ọwọ́ bá ti ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Kátíríìjì dára, ó sì ṣeé yọ lódindi. Ti bọ́ọ̀lù ní àwọn rọ́bà àti sípíríǹgì wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú, ìyẹn ni kì í fi í wù mí.

Èyí tí mo máa ń sọ pé kí wọ́n rà ni ti seramíìkì. Pẹlẹbẹ seramíìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti lọ ojú wọn dán débi pé omi kò rí àyè gba àárín wọn kọjá. Ọ̀kan dúró sójú kan, èkejì ń yọ́ lórí rẹ̀. Bí ihò wọn bá pàdé, omi á jáde, bí wọ́n bá kọjá ara wọn, omi á dá. Kò sí rọ́bà tí èèyàn ń fún mọ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti fi agbára tì í. Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo tó gbóná ni iyanrìn. Èérún òkúta kan tó bá wọ àárín pẹlẹbẹ méjèèjì lè fa ojú wọn ya, táàpù á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Bí omi yín bá máa ń gbé iyanrìn tàbí ìpẹtà wá, ẹ fi asẹ́ sí ojú páìpù kó tó dé táàpù.

Kíkán omi kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká ṣírò rẹ̀ pé táàpù tó ń kán ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè fi omi tó ju gálọ́ọ̀nù 3,000 ṣòfò lọ́dún, ìyẹn ju lítà 11,000 lọ.

Ohun tí ẹ máa bi ọlọ́jà ni pé: “Tí kátíríìjì èyí bá bàjẹ́, ṣé ẹ ní òmíràn?” Bí ó bá ń wo òkè wo ilẹ̀, ẹ fi táàpù náà sílẹ̀. Táàpù tí kò ní ẹ̀yà ìpààrọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó bá bàjẹ́ ni yóò di ohun ìdànù.

Ìgbésẹ̀ 6: Irin wo ni wọ́n fi ṣe é?

Idẹ ni olórí, ìyẹn bàbà tí wọ́n po mọ́ zinc. Omi kì í tètè jẹ ẹ́, rẹ́dì rẹ̀ kì í tètè bó. Irin tí kì í dípẹtà náà dára. Àdàpọ̀ zinc fúyẹ́, ó rọjú, ṣùgbọ́n bí króòmù ara rẹ̀ bá ti ya tí omi sì ráyè wọlé, ó ń jẹra láti inú. Ike ṣeé lò fún ìgbà díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n, nígbà tí gbogbo wọn ń dán bákan náà? Ẹ gbé e lọ́wọ́; idẹ wúwo. Lẹ́yìn náà, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ wo inú ìdí rẹ̀ àti rẹ́dì rẹ̀ níbi tí króòmù kò dé. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, idẹ ni. Bó bá jẹ́ eérú, kì í ṣe idẹ. Àwọn kan máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò. Irin lásán ni ìyẹn ń tú fó. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ, kì í sì í fa zinc.

Òjé ni ọ̀rọ̀ kejì tó wà nídìí idẹ. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń pò ó mọ́ idẹ kó lè rọrùn láti gbẹ́, bẹ́ẹ̀ májèlé ni fún ọpọlọ ọmọdé. Láti 2014, òfin Amẹ́ríkà kò gbà kí òjé inú ibi tí omi ń fara kàn lára táàpù kọjá ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá 8 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí NSF/ANSI 61 tàbí 372, àwọn ìlànà Amẹ́ríkà fún ohun tó ń kan omi mímu, lára páálí, ohun tó ń tọ́ka sí nìyẹn. Táàpù balùwẹ̀ náà ni àwọn ọmọ fi ń fọ eyín, wọ́n sì ń mu nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ti ilé ìdáná nìkan ni.

Ìgbésẹ̀ 7: Àwọ̀

Ó kù sọ́wọ́ yín. Króòmù dídán kò gbówó lórí, ó rọrùn láti nù, ó sì ń bá ohunkóhun mu, àmọ́ gbogbo ìka ọwọ́ ló ń hàn lára rẹ̀. Èyí tí kò dán máa ń bo àbààwọ́n omi mọ́lẹ̀. Dúdú rẹwà, ṣùgbọ́n níbi tí omi bá ti ní ẹfun, àmì funfun ni yóò máa wà lára rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí PVD, ó túmọ̀ sí pé wọ́n sọ irin di oru bí èéfín nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí oru náà sì lẹ̀ mọ́ ara táàpù pinpin. Irú rẹ̀ kì í tètè họ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má fi ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá nù ún.

Ìgbésẹ̀ 8: Ta ló máa lò ó?

Ọwọ́ rọ́bọ́tọ́ tí wọ́n ń fi ìka mú yí kò dára fún àgbàlagbà tí oríkèé ń dùn, bẹ́ẹ̀ ni kò dára fún ẹni tí ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó gùn gbọọrọ, tí wọ́n lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tàbí ìgúnpá tì, ló yẹ wọ́n. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ wá kátíríìjì tó ní ìdènà inú tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ táàpù lọ tán sí apá gbígbóná, kí ẹ sì yí ẹ̀rọ omi gbígbóná yín sí nǹkan bíi 49°C.

Ti aláfojúrí, tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti dé abẹ́ rẹ̀, mọ́ tónítóní lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bátìrì tàbí iná ló ń lò, bí méjèèjì bá sì tán, omi ti dá nìyẹn, àyàfi tó bá ní ọ̀nà tí wọ́n lè fi ọwọ́ ṣí i. Ẹ bèèrè nípa ìyẹn kí ẹ tó sanwó.

Ìgbésẹ̀ 9: Ní ìsọ̀, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń dè é

Ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín. Ẹ ka họ́ọ̀sì, nọ́ọ̀tì, rọ́bà ìdí àti ìdérí ihò básínì bó bá wà nínú rẹ̀. Ìdérí yìí oríṣi méjì ni: ọ̀kan fún básínì tó ní ihò kékeré lókè tí omi ń gbà lọ bó bá fẹ́ kún, ọ̀kan fún èyí tí kò ní. Bí ẹ bá gbé èyí tí kò bá básínì yín mu, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ yí ọwọ́ táàpù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́dọ̀ lọ gẹ́ẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ há, kò sì gbọ́dọ̀ mì.

Bí wọ́n bá fẹ́ dè é, kí wọ́n kọ́kọ́ tú omi inú páìpù dà sínú garawa kí họ́ọ̀sì tó wọ táàpù, torí ìdọ̀tí tó bá jábọ́ nígbà iṣẹ́ máa wọ inú seramíìkì lọ tààrà. Kí wọ́n tún yọ asẹ́ kékeré ẹnu táàpù kí omi àkọ́kọ́ tó gba ibẹ̀ kọjá. Nọ́ọ̀tì orí họ́ọ̀sì tó ti ní rọ́bà nínú kò nílò téèpù funfun. Ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí i, kí sípánà wá fi díẹ̀ kún un. Fífún un jù ló máa ń ya rọ́bà yẹn.

Bí omi bá ti ṣí, ẹ fi bébà ìnuwọ́ gbígbẹ yí gbogbo ibi ìsopọ̀ ká, kí ẹ fi í sílẹ̀ bíi wákàtí kan. Ẹ̀kán kékeré tí ojú kò rí, bébà á fi í hàn. Kí púlọ́ńbà tó lọ, ẹ kọ nọ́ńbà kátíríìjì tó wà nínú ìwé táàpù sórí ìwé pélébé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù lábẹ́ básínì, kí ẹ sì tọ́jú ìwé ìsanwó pa mọ́. Láìsí i, wáráńtì lè má ṣiṣẹ́.